Bí Ẹ Ṣe Lè Bá Ara Yín Sọ̀rọ̀ Kí Ọkàn Yín Lè Balẹ̀ Lọ́jọ́ Ìkúnlẹ̀

Kò sí aboyún tí kì í bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níbi ìtọ́jú aboyún láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ ó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. "Wọ́n ní ti àkọ́bí ló máa ń le jù." "Ìdí mi kéré, àfàìmọ̀ kí wọ́n má là mí." "Ẹsẹ̀ kan láyé, ẹsẹ̀ kan lọ́run ni ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀." Obìnrin tó gbọ́ èyí á gbé e délé. Lóru, nígbà tí oorun bá dá lójú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tún un sọ, títí oṣù á fi pé.

Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mò ń ṣe. Ohun tí mo ti rí níbẹ̀ ni pé bí èèyàn ṣe lè fi ọ̀rọ̀ kọ́ ara rẹ̀ ní ẹ̀rù, bẹ́ẹ̀ náà ló lè fi ọ̀rọ̀ kọ́ ara rẹ̀ ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀hún gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́. Bí ìrọbí bá mú gidi, kíá ni ọ̀rọ̀ dídùn tí kì í ṣe òótọ́ máa ń já èèyàn kulẹ̀.

Ohun tí ẹ̀rù ń ṣe lára aboyún

Lọ́dún 1933, dókítà ará Ìlú Ọba kan, Grantly Dick-Read, kọ̀wé pé ẹ̀rù ló ń mú kí ara aboyún le, ara tó le ló ń dá kún ìrora, ìrora yẹn ló sì tún ń bí ẹ̀rù mìíràn. Ẹnikẹ́ni tó bá ti dúró ti obìnrin tó ń rọbí ti fojú ara rẹ̀ rí i. Họ́mónù kan wà tó ń jẹ́ oxytocin, òun ló ń mú kí ilé ọmọ máa fún kí ẹnu rẹ̀ lè ṣí. Ara máa ń tú u jáde dáadáa níbi tí ọkàn bá ti balẹ̀, tí ariwo ò pọ̀, tí iná ò mọ́lẹ̀ jù. Bí ẹ̀rù bá wá ba èèyàn, adrenaline ni ara á máa tú jáde, ìyẹn èyí tó ń sọ fún wa pé ká sá tàbí ká jà. Bó bá pọ̀ jù nígbà tí ìrọbí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó lè mú kí ìrọbí falẹ̀. Ẹ wo obìnrin tí ẹ̀rù ń bà nígbà tí inú bá mú un: èjìká á gbé sókè dé etí, eyín á fún pọ̀, ìka ẹsẹ̀ á ká kò, èémí á di kúkúrú kúkúrú. Gbogbo ara á máa bá ilé ọmọ jà.

Mi ò sọ pé ìrora ò ní sí o. Ìrọbí máa ń dunni, ẹni tó bá sì sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ ẹnu á mú gbogbo ẹ̀ kúrò ò ṣe yín lóore. Ohun tí ọ̀rọ̀ lè ṣe ni kó gbé ẹ̀rù kúrò lórí ìrora, kó ku ìrora nìkan.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rù yín sílẹ̀

Bí oyún bá ti wọ oṣù keje, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 28, àsìkò ti tó. Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ máa ń sọ fún ara yín nípa ìkúnlẹ̀ síbẹ̀, bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ gan-an, láìtún un ṣe. Ẹ má tíì wá èsì sí i lọ́jọ́ yẹn. Lọ́jọ́ kejì, ẹ mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ohun tó jẹ́ òótọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí tí ẹ ò bá mọ̀, ẹ gbé e lọ bá nọ́ọ̀sì nígbà tí ẹ bá tún lọ fún àyẹ̀wò. Láti ọdún 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti dámọ̀ràn pé kí aboyún rí àwọn elétò ìlera ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹjọ kó tó bímọ. Ẹ lo ìgbà wọ̀nyẹn láti béèrè ọ̀rọ̀, kó má jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ nìkan ni wọ́n á yẹ̀ wò tí ẹ ó fi padà sílé.

Ẹ jẹ́ ká mú méjì wò.

"Ìdí mi kéré, ọmọ ò ní lè gbabẹ̀." Bí ìdí ṣe rí lójú kò sọ bí egungun inú ṣe fẹ̀ tó. Àwọn egungun orí ọmọ tuntun ò sì tíì so pọ̀. Wọ́n máa ń gun ara wọn díẹ̀ nígbà tó bá ń bọ̀, kí orí lè rí ọ̀nà gbà. Ìdí nìyẹn tí orí ọmọ mìíràn fi máa ń gùn ṣóńṣó lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, tó sì máa ń padà sípò láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àyàfi bí dókítà bá ti rí nǹkan kan tẹ́lẹ̀, ìgbà ìrọbí gan-an la máa ń mọ̀ bóyá ọmọ àti ọ̀nà bá ara mu. Nítorí náà, ohun tó jẹ́ òótọ́ ni: "Kò tíì sẹ́ni tó mọ̀ pé ọ̀nà mi kéré. Orí ọmọ mi ṣì rọ̀. Wọ́n á máa ṣọ́ wa."

"Mi ò lè fara da ìrora wákàtí mẹ́wàá." Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ fara da mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìrọbí bá ti mú dáadáa, ó máa ń mú ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin láàárín ìṣẹ́jú 10, ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 40 sí 60. Ẹ jẹ́ ká ṣírò èyí tó le jù níbẹ̀: ẹ̀ẹ̀mẹrin, ìṣẹ́jú kan kan. Ìṣẹ́jú mẹ́rin nìyẹn nínú mẹ́wàá. Mẹ́fà tó kù, ìsinmi ni. Bó bá ku díẹ̀ kí ọmọ jáde, ó máa ń ṣe léraléra jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n nígbà yẹn ọmọ ti dé ẹnu ọ̀nà. Ohun tí ẹ máa kọ ni: "Ìṣẹ́jú kan ni mo fẹ́ fara dà. Lẹ́yìn rẹ̀, màá sinmi."

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ṣa gbólóhùn díẹ̀

Nínú ohun tí ẹ kọ, ẹ ṣa mẹ́ta sí márùn-ún. Kó kúrú débi pé ẹ lè sọ ọ́ tán bí ẹ bá mí síta lẹ́ẹ̀kan. Kó jẹ́ èdè tí ẹ fi ń sunkún: bó bá jẹ́ Ìjẹ̀ṣà lẹ̀ ń sọ nílé, Ìjẹ̀ṣà ni kí ẹ fi kọ ọ́, bó bá jẹ́ Èkìtì tàbí Ẹ̀gbá, bẹ́ẹ̀ náà. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lè dùn ún kà, ṣùgbọ́n ẹni tí ìrọbí mú kì í ráyè túmọ̀ èdè. Kó sì sọ ohun tí ẹ máa ṣe. "Má bẹ̀rù" ò fún ara níṣẹ́ kankan. "Tú èjìká kalẹ̀" fún un níṣẹ́.

Díẹ̀ rèé lára èyí tí mo ti rí pé ó wúlò:

- "Mí sínú. Tú u síta díẹ̀díẹ̀."
- "Ara mi ń ṣiṣẹ́, màá bá a ṣe é."
- "Ẹnu ilé ọmọ ń ṣí."
- "Tú eyín sílẹ̀, tú èjìká sílẹ̀."
- "Eléyìí ti lọ, kò ní padà wá."

Ẹnu obìnrin kan tó ń ta àdìrẹ ni mo ti gbọ́ èyí tó gbẹ̀yìn yẹn. Oyún rẹ̀ kejì nìyẹn. Ó di irin bẹ́ẹ̀dì mú, ó dijú, bí inú bá sì ti ń tú u sílẹ̀, á gbé ọwọ́ kan sókè bí ẹni ń dágbére fún oníbàárà, á ní, "Eléyìí ti lọ, kò ní padà wá." Bó ṣe ń ṣe nìyẹn títí wọ́n fi gbé e wọ yàrá ìgbẹ̀bí. Ọ̀rọ̀ tó lágbára ni, torí kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Èyí tó ti mú tó sì ti lọ, ti lọ nìyẹn, ọmọ sì ti sún mọ́ tòsí sí i.

Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń gbàdúrà pé ká bímọ bí àwọn obìnrin Hébérù tí Ẹ́kísódù orí kìíní, ẹsẹ 19, sọ̀rọ̀ wọn, àwọn tó ti máa ń bímọ kí agbẹ̀bí tó dé. Ẹ máa gbà á. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ má ṣíwọ́ àdúà yín. Nínú àdúrà, Ọlọ́run lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀; nínú èyí tí mò ń sọ yìí, ara yín lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀, ẹ sì nílò méjèèjì. Ohun tó máa ń dùn mí ni kí obìnrin di àdúrà yẹn mú bíi pé àkókò ni wọ́n dá fún un, kí ìrọbí wá gba òru mọ́jú, kó bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ìgbàgbọ́ òun ló kéré. Ìrọbí àkọ́bí lè gba òru kan àti ọ̀sán kan kí ohunkóhun má ṣe ìyá, kó má ṣe ọmọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ pe ara yín ní oríkì

Ìgbésẹ̀ yìí ló wù mí jù láti kọ́ àwọn aboyún.

Lọ́dún 2014, Ethan Kross àti àwọn onímọ̀ tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n rí i pé ẹni tó bá fi orúkọ ara rẹ̀ bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí ohun tó ń bà á lẹ́rù bá dojú kọ ọ́ máa ń fara balẹ̀ ju ẹni tó ń sọ pé "èmi, èmi" lọ. Ọ̀rọ̀ náà á wá dà bí ìmọ̀ràn tó ti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn wá.

Àwa ní ohun tó ju orúkọ lọ. Ìyá tó fẹ́ rẹ ọmọ lẹ́kún kì í pe orúkọ tí wọ́n kọ sínú rẹ́jísítà. Àjọkẹ́ ló máa pè é, tàbí Àbẹ̀kẹ́, Àníkẹ́, Àṣàkẹ́, á sì pè é tó ìgbà mélòó kan, títí ara ọmọ á fi rọ̀. Láti kékeré ni etí wa ti mọ̀ pé ẹni tó bá pè wá bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn wa. Àwọn ìyá wa àtijọ́ náà a sì máa bá orí ara wọn sọ̀rọ̀ láàárọ̀ kí wọ́n tó jáde nílé. Nítorí náà, bíbá ara ẹni sọ̀rọ̀ kì í ṣe ohun tí a lọ yá lọ́wọ́ òyìnbó.

Bí ẹ ṣe máa lò ó nìyí: "Àjọkẹ́, mí." "Àjọkẹ́, eyín rẹ ti fún pọ̀, tú u sílẹ̀." "Àjọkẹ́, ó ti lọ, sinmi." "Àjọkẹ́, o kú iṣẹ́." Ẹni tó bá mọ oríkì orílẹ̀ rẹ̀ lè fi díẹ̀ kún un, ọmọ Ìkòyí á rántí pé ọmọ ẹ̀ṣọ́ lòun. Ọ̀pọ̀ nínú yín ò tíì gbọ́ oríkì yín láti ìgbà tí ìyá bàbá yín ti papò dà. Ẹ pe àgbà tó kù nínú ilé lórí fóònù lọ́sẹ̀ yìí, ẹ bi í. Bí kò bá sí ẹni tó rántí, ẹ lo orúkọ tí wọ́n fi ń kẹ́ yín ní kékeré.

Ẹ sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì pẹ̀lú. Mo ti pe obìnrin kan ní oríkì rẹ̀ rí nígbà tó ti kó ara jọ sí igun bẹ́ẹ̀dì, tí kò fẹ́ gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ń sọ. Ó gbójú sókè wò mí, èjìká rẹ̀ sọ̀, ó sì mí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ fi kọ́ra lójoojúmọ́

Ọ̀rọ̀ tí ẹ kà lẹ́ẹ̀kan nínú ìwé ò ní wá sí ẹnu yín lọ́jọ́ ìrọbí. Ìṣẹ́jú márùn-ún láàárọ̀, márùn-ún lálẹ́ kí ẹ tó sùn, ó tó.

Ẹ fẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀ tàbí kí ẹ jókòó kí ẹ fẹ̀yìn ti nǹkan. Ẹ má fẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja, torí pé bí ikùn bá ti tóbi, ó máa ń tẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó wà lẹ́yìn, òòyì sì lè kọ́ yín. Ẹ gbé ọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ikùn. Ẹ gba imú mí sínú, kí ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ẹ gba ẹnu tú u síta títí ẹ ó fi ka mẹ́fà. Ìgbà tí ẹ bá ń mí síta yẹn ni kí ẹ sọ gbólóhùn yín, jẹ́jẹ́, kí etí yín gbọ́ ọ.

Bó bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ ti ń ṣe é, ẹ dán an wò pẹ̀lú ohun tó ń dunni díẹ̀. Ẹ mú píọ̀ wọ́tà kan tó ti di yìnyín nínú fíríìjì, kí ẹ dì í mú ṣinṣin lọ́wọ́ kan fún ìṣẹ́jú kan. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ má sọ nǹkan kan, ẹ kàn máa wo aago. Ìṣẹ́jú yẹn á gùn. Ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ nu ọwọ́ gbẹ, kí ẹ fi ọwọ́ kejì dì í mú, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kí ẹ dijú, kí ẹ mí bí mo ṣe sọ, kí ẹ pe oríkì yín, kí ẹ sọ gbólóhùn yín. Òtútù náà ò yí padà, ọwọ́ náà á ṣì máa dùn yín. Ẹ ó kàn rí i pé ẹ ò bá a jà mọ́. Èyí tí ẹ bá rí i pé kò ràn yín lọ́wọ́ nínú àwọn gbólóhùn yín, ẹ pa á rẹ́. Ọkọ náà lè wá dì í mú, kó mọ ohun tí ẹ ń kọ́.

Ní oṣù kẹjọ àti ìkẹsàn-án, ikùn a máa le díẹ̀ kó sì tún rọ̀, láìjẹ́ pé ìrọbí ti dé. Ẹ lo ìyẹn náà láti fi kọ́ra.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ kọ́ ẹni tó máa dúró tì yín

Lọ́dún 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí obìnrin tó ń rọbí ní ẹni tó bá wù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ilé ìwòsàn mìíràn gbà bẹ́ẹ̀, òmíràn ò gbà, nítorí pé obìnrin mélòó kan ló ń pín yàrá kan. Ẹ béèrè kí oṣù tó pé. Bí wọ́n bá gbà, ẹ fi ìwé yín han ẹni náà, kó mọ oríkì tó máa pè àti gbólóhùn tó máa sọ. Ẹ sọ ohun tí ẹ ò fẹ́ gbọ́ fún un pẹ̀lú, irú bíi "Ìwọ nìkan kọ́ ló máa kọ́kọ́ bímọ." Bí wọn ò bá gbà, ẹ jẹ́ kí ìyá yín tàbí ọkọ yín gbohùn sílẹ̀ sórí fóònù yín, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré, kí ẹ lè fi ìyẹ́písì gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ náà gan-an

Ẹ má lo gbogbo ọ̀rọ̀ yín tán ní wákàtí àkọ́kọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ ìrọbí lè pẹ́. Ẹ jẹun díẹ̀, ẹ mumi, ẹ rìn kiri, ẹ sùn bó bá ṣeé ṣe. Ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń bara jẹ́ bí wọ́n bá yẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn òru kan tí wọ́n ní ẹnu ilé ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí dé sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta. Ẹ fi èyí sọ́kàn: nínú ìmọ̀ràn ọdún 2018 tí mo mẹ́nu kàn yẹn, sẹ̀ǹtímítà márùn-ún ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìrọbí tó ti gbóná, láti ibẹ̀ dé mẹ́wàá kì í sì í sábà ju wákàtí 12 lọ fún àkọ́bí, tàbí wákàtí 10 fún ẹni tó ti bímọ rí. Nítorí náà, ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, ohun tí ẹ máa sọ ni: "Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀."

Nígbà tó bá ku díẹ̀ kó ṣí tán, ara lè máa gbọ̀n, èébì lè gbé yín, ọ̀rọ̀ kan á sì jáde lẹ́nu yín láìròtẹ́lẹ̀: "Mi ò lè ṣe é mọ́." Bí àwa agbẹ̀bí bá gbọ́ ọ, a máa ń múra sílẹ̀, torí ó máa ń túmọ̀ sí pé ọmọ ti fẹ́ dé. Gbólóhùn gígùn ò ní wúlò níbẹ̀. Oríkì yín àti "mí" ti tó. Ẹ lè pariwo. Ohùn tó ń ti ìsàlẹ̀ ikùn jáde, tó wúwo, tó sì lọ sílẹ̀, máa ń tú ara sílẹ̀ ju igbe ṣóńṣó tó ń ti ọ̀fun jáde lọ. Bí wọ́n bá wá ní kí ẹ ti ọmọ jáde, ohùn agbẹ̀bí yín ni kí ẹ máa tẹ̀ lé.

Gbólóhùn tí ẹ ò gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀

Ẹ kọ gbólóhùn kan sílẹ̀ fún ọjọ́ tí nǹkan bá yí padà. "Bí wọ́n bá ní iṣẹ́ abẹ ni, ọmọ mi náà ló ń bọ̀." "Mo gbà kí wọ́n ràn mí lọ́wọ́." Ẹ máa fi kọ́ra pẹ̀lú àwọn yòókù. Mo ti rí ìwé tí wọ́n ń fọwọ́ sí kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ tó wà lórí tábìlì fún ìgbà pípẹ́, tí ẹbí ń jiyàn, tí ìyá ń sọ pé òun kọ̀ ọ́, tí a sì ń gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù díẹ̀díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí ẹ ti ń sọ fún ara yín látọjọ́ yìí di ohun tó máa dínà ìrànlọ́wọ́. Obìnrin tó bímọ nípasẹ̀ iṣẹ́ abẹ kúnlẹ̀ bí ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe kúnlẹ̀. Ẹni tó bá béèrè oògùn ìrora náà ò ba iṣẹ́ tó ti ń ṣe jẹ́.

Ìfọ̀kànbalẹ̀ yàtọ̀ sí ìdákẹ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń wá, bí orí bá ń fọ́ yín gidigidi tàbí tí ojú ń ṣú, bí omi bá ti ya tó sì ní àwọ̀ ewé, bí ibà bá mú yín, bí gìrì bá ṣe yín, tàbí tí ọmọ ò mira bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má jókòó ti gbólóhùn kankan. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀rù ìkúnlẹ̀ ò jẹ́ kí ẹ sùn, tí oúnjẹ ò gba ọ̀nà ọ̀fun, pàápàá bó bá jẹ́ pé ohun tí ojú yín rí nígbà ìbímọ tó kọjá ló ń padà wá, ẹ sọ ọ́ fún dókítà tàbí nọ́ọ̀sì bí ẹ ṣe ń sọ àìsàn ara. Ìtọ́jú wà fún un.

Bí ọ̀sẹ̀ 36 bá ti pé, ẹ da mẹ́ta tó dára jù nínú gbólóhùn yín kọ sórí páálí kékeré kan, kí gbólóhùn iṣẹ́ abẹ ṣe ìkẹrin. Ẹ kọ oríkì yín sókè rẹ̀ gàdàgbà, kí nọ́ọ̀sì tó bá gba iṣẹ́ lóru lè rí i kà. Ẹ fi sínú káàdì ìtọ́jú aboyún yín, torí káàdì yẹn ni wọ́n á kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ yín bí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà.